Ìjíhìn Òṣìṣẹ́ Ìjọba Tí Kò Fi Ìlòkulò Ọmọdé Sùn: Ìlànà Òfin Amẹ́ríkà

Ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, òfin sọ ọ́ di dandan fún olùkọ́, dókítà, ọlọ́pàá àti òṣìṣẹ́ amójútó ọmọdé láti tètè fi tó àwọn aláṣẹ létí bí wọ́n bá fura pé ẹnìkan ń lu ọmọdé ní àlùbami, ń bá a ṣèṣekúṣe tàbí ń fi ebi pa á. Ìfura tó ní ìdí ni òfin béèrè, kì í ṣe ẹ̀rí tó dájú, nítorí pé àwọn olùwádìí ló ni iṣẹ́ wíwá òkodoro. Òfin sì dáàbò bo ẹni tó bá fi òótọ́ inú sọ̀rọ̀, kódà bí ìwádìí bá fi hàn pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀.

Àpilẹ̀kọ tí Dókítà C. Henry Kempe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 1962, nípa àwọn ọmọ tí egungun wọn ṣẹ́ láìsí àlàyé gidi lẹ́nu òbí, ló ta àwọn aṣòfin jí. Láàárín ọdún díẹ̀, gbogbo ìpínlẹ̀ ti ṣe òfin ìfisùn. Nígbà tó sì di 1974, ìjọba àpapọ̀ so owó ìrànwọ́ kan fún àwọn ìpínlẹ̀ mọ́ níní irú òfin bẹ́ẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ka àìfisùn sí ẹ̀ṣẹ̀ kékeré, èyí tí ìjìyà rẹ̀ kì í sábà ju owó ìtanràn tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù díẹ̀ lọ. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 1990 tún kan àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀ tàbí nínú ilé iṣẹ́ rẹ̀, ìjìyà wọn sì lè tó ẹ̀wọ̀n ọdún kan lónìí. Ní ti owó gbà-máà-bínú, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Kalifọ́níà sọ ní 1976 pé ọmọ tí dókítà kò fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sùn lè pe dókítà náà lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n ní 1989, nínú ẹjọ́ DeShaney, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Amẹ́ríkà dájọ́ pé ìwé òfin orílẹ̀-èdè kò di ẹrù lé ìjọba lórí láti gba ọmọ lọ́wọ́ òbí tó ń lù ú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti mọ̀ nípa rẹ̀. Ìdí nìyí tí òfin ìpínlẹ̀ fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀ràn Fásitì Penn State, ní ìpínlẹ̀ Pẹnsilféníà, ló fi ewu ìdákẹ́ hàn jù. Ní 2001, a fi tó àwọn ọ̀gá ibẹ̀ létí pé Jerry Sandusky, tó ti jẹ́ olùkọ́ni bọ́ọ̀lù níbẹ̀ rí, hùwà àìtọ́ sí ọmọdékùnrin kan nínú ilé ìwẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò sọ fún ọlọ́pàá tàbí ẹ̀ka amójútó ọmọdé. Ní 2017, ààrẹ fásitì náà tẹ́lẹ̀, Graham Spanier, jẹ̀bi ẹ̀sùn fífi ọmọdé sínú ewu, àwọn ọ̀gá méjì mìíràn sì gbà pé àwọn jẹ̀bi ẹ̀sùn kan náà. Òfin Pẹnsilféníà àtijọ́ gba òṣìṣẹ́ láàyè láti sọ fún ọ̀gá rẹ̀ nìkan. Àtúnṣe 2014 ló wá pa á láṣẹ pé kí òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ fi tó ìjọba létí.

Àtúnṣe yìí ló tọ́, nítorí pé òfin tó bá jẹ́ kí ẹnìkan ti ẹrù ọmọdé sọ́rùn ẹlòmíràn kò tíì dáàbò bo ọmọ kankan.