Yemọja ní Ẹ̀bá Èbúté Regla
Ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ń pè ní lanchita ló gbé mi sọdá láti Havana Àtijọ́ sí Regla. Mo fẹsẹ̀ rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì. Kò jìnnà rárá. Ẹ̀bá omi ló wà. Ní 1714 ni wọ́n ti fi Màríà ti Regla ṣe alábòójútó èbúté náà.

A máa ń sọ pé àwọn bàbá wa fi Yemọja pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀ mọ́. Láyé àtijọ́, ní Oṣù Kẹsàn-án, àwọn kabildo Lukumí máa ń gbé ère jáde, bàtá sì máa ń dún lójú títì. Ṣé bí a ṣe ń fi nǹkan pamọ́ nìyẹn?

Obìnrin kan jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ju owó ẹyọ méje sómi, ó kí Yemọja sókè ketekete.