Òórùn Tábà Àtijọ́

Ní agbo ilé wa ní Bẹyẹrúnkà, ìkòkò amọ̀ kan wà ní ìyàrá ìyá àgbà tí ọwọ́ ọmọdé kò gbọdọ̀ kàn. Tábà ni ìyá àgbà ń tà ní Ọjà'ba, inú ìkòkò náà ni ó sì ń kó èyí tí ó bá ṣẹ́kù sí. Yóò fi ewé wé e, yóò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ṣìnkìn, yóò sì dé e. Ó máa ń sọ pé bí tábà bá gbẹ jù, a di ìyẹ̀fun; bí ó bá sì tutù jù, a bu. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ó ti kú tipẹ́ kí a tó ṣí ìkòkò náà. Ewé tí ó kù ní ìsàlẹ̀ ti dúdú bí èédú. Mo gbé e sí imú, ṣùgbọ́n òórùn dídùn tí mo mọ̀ ọ́n mọ́ ti lọ. Nígbà tí mo fi díẹ̀ kan ahọ́n, ó ta mí bí ata. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi pé, kí ni ó ń lọ nínú tábà, kí sì ni ó ń dúró?

Tábà kì í ṣe ewé ilẹ̀ wa. Láti Amẹ́ríkà ni àwọn Òyìnbó ti gbé e dé etíkun wa. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé bí awalẹ̀pìtàn bá rí ìkòkò ìmutábà nínú ilẹ̀ tí ó ń gbẹ́, yóò ti mọ̀ pé ìpele ibẹ̀ kò lè dàgbà ju ìgbà tí tábà wọ ilẹ̀ wa lọ.

Èyí tí àwọn baba ńlá wa fẹ́ràn jù lọ ni ti Bàhíà ní ilẹ̀ Brazil. Pierre Verger ròyìn rẹ̀ nínú ìwé ńlá tí ó kọ ní èdè Faransé ní 1968, tí Ilé Ìtẹ̀wé Yunifásítì Ìbàdàn tẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1976. Ìjọba Potogí pàṣẹ pé kí ewé tí ó dára máa lọ sí Lisbon. Èyí tí a ṣà tì ni kí wọ́n máa kó wá bá wa. Ewé àṣàtì náà kéré, ó sì ti ya. Kí ó má baà túká, àwọn ará Bàhíà a lọ́ ọ bí okùn, wọn a fi oje ìrèké tí a sè tí ó dúdú tí ó sì ki pa á lára ju ti àwọn yòókù lọ, wọn a ká a jọ, wọn a sì fi awọ wé e. Ohun tí wọ́n fi bo àbùkù ewé ni ó wá di adùn rẹ̀. Nígbà tí ó bá fi dé Ouidah, Àgbádárìgì tàbí Èkó, kò sí tábà mìíràn tí àwọn oníbàárà fẹ́ tó o.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Oje ìrèké a máa di omi mú, nítorí náà ewé kò gbẹ lórí òkun. Nínú ìdìpọ̀ tí ó le, ewé a gbóná, a sì máa kan díẹ̀díẹ̀. Èéfín rẹ̀ tí ń ta ni lọ́fun a rọ̀, àwọ̀ rẹ̀ a dúdú. Ṣùgbọ́n òórùn dídùn kì í pẹ́: gbogbo ìgbà tí a bá ń ṣí ìdérí ni ó ń fẹ́ lọ. Nikotíìnì, èyí tí ó ń sọ ni di ẹrú tábà, kì í tètè lọ bẹ́ẹ̀.

Ẹrú náà ni kókó ọ̀rọ̀ mi. Ènìyàn ni wọ́n fi ìdìpọ̀ tábà wọ̀nyí rà. Ìbàdàn, tí àwọn jagunjagun tẹ̀ dó ní nǹkan bí 1829, kò wà lẹ́yìn òwò náà. Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn tí ó kú ní 1874, ta tábà, ó ta aṣọ kíjìpá, ó sì ta ẹrú. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọlu Èkó ní 1851, òwò ẹrú orí òkun sì dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n tábà Bàhíà kò dáwọ́ dúró. Àwọn ọmọ wa tí ó ti oko ẹrú bọ̀ ni ó wá ń kó o wọlé, tí wọ́n sì ń kó epo pupa àti aṣọ òkè lọ sí Bàhíà.

Lẹ́yìn náà ni sìgá dé. Ilé iṣẹ́ British American Tobacco bẹ̀rẹ̀ sí ṣe é ní Òṣogbo ní 1933, kí wọ́n tó kọ́ èyí tí ó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ sí Ìbàdàn. Díẹ̀díẹ̀ ni ìkòkò ìmutábà kúrò lẹ́nu àwọn àgbà láti Bẹẹrẹ dé Mápó. Ní 2015 ni ìjọba Nàìjíríà ṣe òfin ìkáwọ́ tábà, nítorí àrùn jẹjẹrẹ àti àìsàn ọkàn tí ó ń fà. Bí ewé ti pẹ́ tó nínú ìkòkò kò sọ ọ́ di aláìlóró.

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ọjà àtijọ́, adùn rẹ̀ ni a máa ń kọ́kọ́ rántí. Èmi náà fẹ́ràn ìyá àgbà, owó tábà rẹ̀ sì wà nínú owó tí wọ́n fi rán mi lọ sí ilé ìwé. N kò lè torí èyí sọ pé n kò mọ ohun tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ìkòkò. A ti da ewé náà nù. Ìkòkò náà ṣì wà lọ́dọ̀ mi.