Láti Kábúrétọ̀ dé Nọ́sù: Ìtàn Ìtọ́jú Ipa Epo Nínú Ọkọ̀ Àgbà ní Àríwá Èkìtì

Ìfàkì ni ọ̀nà tó ti Adó-Èkìtì bọ̀ ti ń yà sí méjì. Ọ̀kan gba Ìdó lọ sí Ọ̀tùn. Èkejì gba Ọ̀yẹ́ lọ sí Ìkọ̀lé, ó sì ń bá a lọ títí dé Òmùò, níbi tí ilẹ̀ Èkìtì ti bá Ìpínlẹ̀ Kogí pààlà. Ọkọ̀ tuntun kò wọ́pọ̀ lójú ọ̀nà méjèèjì. Takisí tó ń kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ní Ọ̀yẹ́, ọkọ̀ tí nọ́ọ̀sì ń gbé lọ síbi iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ńlá ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó, èyí tí àgbẹ̀ fi ń kó iṣu wá sọ́jà Ìkọ̀lé: púpọ̀ nínú wọn ló ti rin ju 160,000 kìlómítà lọ, ní òkèèrè àti nílé. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá dákú lójú ọ̀nà, ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ lè wà láìlábùkù. Ipa epo ló sábà máa ń dá a dúró: táǹkì, pọ́ǹpù, fítà, rọ́bà tí epo ń gbà kọjá, àti nọ́sù tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnì.

Bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́, ìbàjẹ́ inú ipa epo kúrò ní gbangba, ó di ohun ìkọ̀kọ̀. Nígbà kan, awakọ̀ lè fi ojú ara rẹ̀ rí omi tó wọ inú epo, mẹkáníìkì sì lè fi ọwọ́ yanjú rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Lónìí, ibi tí ojú kò tó ni ìbàjẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, ìgbà tí àmì rẹ̀ bá sì hàn, owó ńlá ló ń bá a wá. Ohun tó sọ ìtọ́jú ṣáájú ìbàjẹ́ di dandan fún ẹni tó ní ọkọ̀ àgbà nìyẹn.

Ìgbà ife gíláàsì

Wilhelm Maybach, ará Jámánì, ló gbé kábúrétọ̀ tó ń fọ́n epo jáde ní 1893. Ẹ̀rọ náà kò gbára lé kọ̀ǹpútà kankan. Bí ẹ́ńjìnì bá ń fa afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ náà á sáré gba ibi tóóró kọjá, á sì fa epo jáde láti ojú ihò kékeré tí wọ́n ń pè ní jẹ́ẹ̀tì. Nínú abọ́ kékeré ara rẹ̀, ohun fífúyẹ́ kan ń léfòó; bí epo bá ti tó, ó ń dí ẹnu ọ̀nà. Pọ́ǹpù tó ń gbé epo wá láti táǹkì kì í ti epo pẹ̀lú agbára púpọ̀, kò ju nǹkan bíi 3 sí 5 psi lọ.

Irú ẹ̀rọ yìí ló wà lára ọ̀pọ̀ bọ̀lẹ̀kájà tó ń kó kòkó àti èrò nígbà ayé àwọn bàbá wa. Ọ̀pọ̀ pọ́ǹpù ìgbà náà ní ife gíláàsì kan tó so mọ́ ọn. Omi wúwo ju bẹntiróòlù lọ, nítorí náà ìsàlẹ̀ ife ló máa ń sọ̀ sí, òun àti ìpẹtà. Awakọ̀ tó bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì láàárọ̀ rí i kedere. Á tú ife náà, á da ẹ̀gbin inú rẹ̀ nù, á nù ún mọ́, á dá a padà, ó di ọ̀nà.

Ní oṣù kẹta ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Kàdúná, oṣù kan náà sì ni ti Volkswagen ṣí ní Ọ̀jọ́, Èkó. Ó bọ́ sí àsìkò tí owó Údójì, àfikún owó oṣù, dé ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Ní ilẹ̀ Èkìtì tí olùkọ́ pọ̀ sí, ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sílé ẹ̀kọ́ tẹ́lẹ̀ di onímọ́tò. Volkswagen tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí ìjàpá ni ọ̀pọ̀ rà; Peugeot 504 sì di ọkọ̀ ọ̀gá àti ọkọ̀ èrò láti ìlú dé ìlú.

Mẹkáníìkì ìgbà yẹn mọ kábúrétọ̀ bí ẹni mọ ojú ọ̀nà oko rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ń já, á tú u, á fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́, á fi ẹnu tàbí kọ̀ǹprẹ́sọ̀ fẹ́ jẹ́ẹ̀tì, á sì fi etí tún un gbọ́ títí ohùn ẹ́ńjìnì yóò fi dọ́gba. Jẹ́ẹ̀tì tó dí láàárọ̀ lè ṣí kí ọ̀sán tó pọ́n. Nítorí pé àtúnṣe rọrùn tó bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń ronú ìdènà kò pọ̀. Wọ́n ń dúró de ìgbà tí ọkọ̀ bá dí, kí wọ́n tó ṣí i. Àṣà yìí wọ àwọn awakọ̀ lára, ó sì bá wọn dé ìgbà tí ẹ̀rọ mìíràn rọ́pò kábúrétọ̀.

Òjé inú epo

Ewu kan wà nínú iṣẹ́ mẹkáníìkì ìgbà yẹn tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Ní 1921, Thomas Midgley tó ń ṣiṣẹ́ fún General Motors ní Amẹ́ríkà rí i pé èròjà olójé kan lè dá kíkàn ẹ́ńjìnì dúró. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í po òjé mọ́ bẹntiróòlù káàkiri ayé. Èròjà náà lè gba awọ ara wọ inú ẹ̀jẹ̀. Mẹkáníìkì tó ń fi ẹnu fa epo nínú rọ́bà, ọmọ iṣẹ́ tó ń fi bẹntiróòlù fọ gíríìsì kúrò lọ́wọ́, májèlé ni wọ́n ń gbà sára lójoojúmọ́.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2001, àwọn ìjọba ilẹ̀ Áfíríkà fẹnu kò ní Dàkár láti fòpin sí epo olójé. Nígbà tí oṣù kìíní 2006 fi máa dé, àwọn orílẹ̀-èdè gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà ti kúrò nínú rẹ̀. Àlùjíríà ló kẹ́yìn lágbàáyé, ní 2021. Ìpinnu Dàkár kan ipa epo gan-an, nítorí òjé a máa bo sẹ́ńsọ̀ tó ń yẹ èéfín wò, á sì sọ ọ́ di afọ́jú. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ onínọ́sù kò sì lè ṣàtúnṣe iye epo tó ń fọ́n dáadáa láìsí sẹ́ńsọ̀ yẹn.

Tòkunbọ̀ dé

Ilé iṣẹ́ Bosch ti gbé ìlànà nọ́sù tí iná ń darí jáde láti 1967, lára Volkswagen 1600 tí wọ́n ń tà sí Amẹ́ríkà. Nígbà tí àwọn ọdún 1990 fi máa dé ìdajì, kábúrétọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò tán lára ọkọ̀ tuntun ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Yúróòpù. Ní Nàìjíríà, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé SAP ọdún 1986 ti mú kí náírà wálẹ̀, ọkọ̀ tuntun sì kúrò lágbára òṣìṣẹ́. Tòkunbọ̀, ọkọ̀ àlòkù láti òkè òkun, ló kù. Àwọn kan gba èbúté Èkó wọlé, ọ̀pọ̀ mìíràn gba Kútọnu, títí ìjọba fi fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé láti oṣù kìíní 2017. UNEP, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká lágbàáyé, kéde ní 2020 pé mílíọ̀nù 14 ọkọ̀ kéékèèké àlòkù ni wọ́n kó láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn láàárín 2015 sí 2018, àti pé Áfíríkà ló gba ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún wọn.

Báyìí ni Toyota Camry tí wọ́n ń pè ní Pencil Light àti èyí tí wọ́n ń pè ní Big Daddy ṣe di ará ilé ní Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé. Lára wọn, agbára tí epo fi ń rìn ti gòkè dé nǹkan bíi 40 sí 50 psi. Pọ́ǹpù kò sí lára ẹ́ńjìnì mọ́. Inú táǹkì ló wà, epo tó yí i ká ló sì ń tù ú. Ọkọ̀ kò ní ife gíláàsì kankan. Lára ọ̀pọ̀ Toyota tó jáde lẹ́yìn ọdún 2000, fítà gan-an wà nínú táǹkì pẹ̀lú pọ́ǹpù, lábẹ́ àga ẹ̀yìn, ẹni tó ni ọkọ̀ sì lè lo ọdún mẹ́wàá láìfi ojú kàn án.

Kábúrétọ̀ kò kú ṣá o. Ó ṣì wà lára ọ̀kadà àti jẹnẹrétọ̀, àwọn tó ń tún wọn ṣe ló sì di ìmọ̀ àtijọ́ náà mú. Àmọ́ ẹni tó bá gbé àṣà kábúrétọ̀ dé ìdí nọ́sù yóò ba nǹkan jẹ́. Bí ó bá so iná bátìrì tààrà mọ́ nọ́sù pẹ́ jù kó lè fọ̀ ọ́, wáyà inú rẹ̀ lè jóná. Bí ó bá fi rọ́bà epo kábúrétọ̀ sí ipa tí agbára rẹ̀ tó 50 psi, rọ́bà náà lè bẹ́, kí epo sì tú sórí ẹ́ńjìnì gbígbóná.

Epo 2022 àti owó epo

Ní ọjọ́ 8 oṣù kejì ọdún 2022, NMDPRA, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ epo bẹntiróòlù, kéde pé wọ́n rí mẹ́táńọ́ọ̀lù tó ju ìwọ̀n tí òfin gbà lọ nínú epo tó wọ Nàìjíríà. Mẹ́táńọ́ọ̀lù a máa fa omi mọ́ra. Tó bá pọ̀ jù, ó ń jẹ irin aluminium, ó sì ń mú kí rọ́bà wú tàbí kó le gan-an. Wọ́n kó epo náà kúrò lọ́jà, ọ̀wọ́n epo sì gba gbogbo orílẹ̀-èdè fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Nígbà ọ̀wọ́n, inú kẹ́ẹ̀gì ẹ̀bá ọ̀nà ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ ti ń ra epo, láìmọ ohun tó ti wà nínú kẹ́ẹ̀gì náà tẹ́lẹ̀.

Owó epo náà kópa tirẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 2012, lítà kan fò láti ₦65 sí ₦141 kí ìjọba tó dá a padà sí ₦97. Ó di ₦145 ní 2016. Lẹ́yìn tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ kúrò ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023, ó sún mọ́ ₦500 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀, nígbà tí 2024 sì ń lọ sópin, ó ti kọjá ₦1,000 ní ọ̀pọ̀ ibi. Ẹni tó ń kún táǹkì tẹ́lẹ̀ wá ń ra lítà mẹ́ta, mẹ́rin. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wá kan ọkọ̀ àgbà: bí epo bá ń wà nísàlẹ̀ táǹkì nígbà gbogbo, kò sí ohun tó máa tu pọ́ǹpù, omi àti ìpẹtà ìdí táǹkì ló sì ń fà. Pọ́ǹpù tí owó kékeré kò lè rà mọ́ ló ń fi ẹ̀mí rẹ̀ dí i.

Ohun tí ìtọ́jú jẹ́ nísinsìnyí

Ohun àkọ́kọ́ wà lọ́wọ́ awakọ̀: kí epo má ṣe wálẹ̀ ju ìdá mẹ́rin táǹkì lọ, bí agbára bá gbé e. Ilé epo tí èrò pọ̀ sí ló dára, nítorí epo kì í pẹ́ nílẹ̀ níbẹ̀. Bí táńkà bá ń já epo lọ́wọ́, ó yẹ kí ènìyàn dúró, torí ìdọ̀tí ìdí kòtò epo ti rú sókè nígbà yẹn. Ìdérí táǹkì tí rọ́bà rẹ̀ ti gé ń jẹ́ kí omi òjò wọlé. Owó díẹ̀ ni wọ́n fi ń pààrọ̀ rẹ̀.

Ohun kejì jẹ́ ti mẹkáníìkì. Lára ọkọ̀ tó ti rìn tó 160,000 kìlómítà tí ẹnikẹ́ni kò mọ ìtàn rẹ̀, ó yẹ kó yọ pọ́ǹpù jáde kó tó kú. Àwọ̀n kékeré tó wà lẹ́nu pọ́ǹpù ni yóò sọ bí ìdí táǹkì ṣe rí: bí ó bá ti dúdú tàbí pọ́n bí ìpẹtà, táǹkì náà gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀ kí wọ́n fọ̀ ọ́. Kí ó pààrọ̀ fítà àti àwọ̀n, kí ó sì tẹ rọ́bà epo wò bóyá ó ti gan. Kí ó tó fọwọ́ kan ohunkóhun, kí ó yọ orí bátìrì, kí ó tu agbára inú ipa epo sílẹ̀, kí iná kankan má ṣe sí nítòsí.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni nọ́sù kàn. Oògùn inú ìgò tí wọ́n ń dà sínú táǹkì lè ran nọ́sù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dọ̀tí lọ́wọ́. Èyí tó ti dí gan-an gbọ́dọ̀ lọ sórí ẹ̀rọ tó ń fi ìgbì ohùn fọ̀ ọ́, níbi tí gbogbo nọ́sù ọkọ̀ náà ti ń tú epo sínú ife oníwọ̀n lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n lè rí èyí tó kù díẹ̀ káàtó.

Ẹ̀rọ tó ń ka àṣìṣe náà ti wọ inú iṣẹ́ yìí. Láti ọdún 1996 ni òfin Amẹ́ríkà ti ní kí gbogbo ọkọ̀ tuntun ní OBD-II, ojú tí wọ́n ń so ẹ̀rọ náà mọ́, tòkunbọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá sì gbé e bọ̀ wá sílé. Àmì bíi P0171 ń sọ pé epo kéré sí afẹ́fẹ́. Kò dárúkọ ohun tó bàjẹ́: ó lè jẹ́ pọ́ǹpù tó ti rẹ̀, fítà tó dí, nọ́sù tó dọ̀tí, tàbí afẹ́fẹ́ tó ń jò wọlé. Mẹkáníìkì tó bá wọn agbára epo kó tó ra ohunkóhun máa ń dá owó oníbàárà sí.

Ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ yunifásítì Ọ̀yẹ́ wà ní ọgbà rẹ̀ tó wà ní Ìkọ̀lé, kò sì jìnnà sí àwọn ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì ìlú náà. Àǹfààní ńlá ni yóò jẹ́ fún àríwá Èkìtì bí ìmọ̀ inú kíláàsì àti ti ṣọ́ọ̀bù bá ń pàdé déédéé, nítorí iṣẹ́ tuntun tún ti ń bọ̀. Láti 2023 ni ìjọba àpapọ̀ ti ń gba àwọn onímọ́tò níyànjú láti so gáàsì CNG mọ́ ọkọ̀ wọn. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n yí padà bẹ́ẹ̀ ṣì ń fi bẹntiróòlù tan kí ó tó bọ́ sórí gáàsì, epo tó bá sì pẹ́ nínú táǹkì láìlò máa ń ki, ó máa ń di gọ́ọ̀mù nínú nọ́sù. Onítakisí tó bá so gáàsì mọ́ Camry rẹ̀ lónìí ní láti máa fi bẹntiróòlù rìn látìgbàdégbà, kí ó sì máa pààrọ̀ fítà rẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀.