Ohun tí ó Lé Ará Oko Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ Ìlú Ẹ̀rọ (1837–1901)

Láti 1837 títí di 1901 ni Victoria fi jọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní àkókò yìí, àìmọye ìdílé ni ó fi oko sílẹ̀ lọ sí ìlú tí ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ pọ̀ sí. Ní 1801, àwọn ará Bradford jẹ́ nǹkan bí 13,000; nígbà tí yóò fi di 1851, wọ́n ti lé ní 100,000. Síbẹ̀, ìlú wọ̀nyí kì í ṣe ibi ìdẹ̀ra. Ìwádìí tí Edwin Chadwick tẹ̀ jáde ní 1842 fi hàn pé, bí a bá pín ọjọ́ orí àwọn tí ó kú dọ́gba, tọmọdé tàgbà, ọdún 17 ni ti ìdílé òṣìṣẹ́ ní Manchester. Ọdún 38 ni tiwọn ní Rutland tí í ṣe ìgbèríko. Kí ni ó wá mú ènìyàn kúrò níbi tí ẹ̀mí ti ń gùn lọ síbi tí ikú ti ń yá?

Ìdí kìíní ni ilẹ̀. Kí Victoria tó gorí ìtẹ́ ni ìgbìmọ̀ aṣòfin ti fún àwọn onílẹ̀ ńlá láṣẹ láti sọgbà yí ilẹ̀ àjùmọ̀lò ká. Lórí ilẹ̀ yìí ni tálákà ti ń da ẹran ọ̀sìn rẹ̀, tí ó sì ti ń ṣẹ́ igi ìdáná. Nígbà tí ó bọ́ lọ́wọ́ wọn, púpọ̀ nínú wọn di alágbàṣe lásán.

Ìdí kejì ni iṣẹ́. Òwú rírán àti aṣọ híhun tí ìdílé ń ṣe nílé bọ́ sọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ìpakà sì gba iṣẹ́ tí alágbàṣe fi ń jẹun nígbà òtútù. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe dìde fọ́ ẹ̀rọ wọ̀nyí ní 1830. Òfin Tálákà ti 1834 tún mú ìrànlọ́wọ́ le: nínú ilé àwọn aláìní, a ń ya ọkọ kúrò lọ́dọ̀ aya, a sì ń ya òbí kúrò lọ́dọ̀ ọmọ.

Ìdí kẹta ni owó. Ní 1850 sí 1851, James Caird rí i pé alágbàṣe oko ní gúúsù ń gba nǹkan bí ṣílè 8 àti pẹ́nì 5 lọ́sẹ̀. Ní àríwá, níbi tí ilé-iṣẹ́ àti ibi ìwa èédú ti ń bá àgbẹ̀ du òṣìṣẹ́, ṣílè 11 àti pẹ́nì 6 ni. Ní ilé-iṣẹ́ òwú pàápàá, aya àti ọmọ ń gbowó tiwọn. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó ṣí kò rìn jìnnà. Itòsí ni wọ́n ti wá, ẹbí tí ó ti ṣáájú ni ó sì ń bá wọn wá ilé àti iṣẹ́.

Láti nǹkan bí 1875 ni ọkà olówó pọ́ọ́kú láti Amẹ́ríkà ti ba ọjà àgbẹ̀ jẹ́. Ọ̀pọ̀ onílẹ̀ sọ oko ọkà di pápá ẹran, iṣẹ́ oko sì tún dín kù.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Àwọn ìdílé wọ̀nyí kò ṣàìmọ̀ pé àrùn ń bẹ ní ìlú. Ṣùgbọ́n àrùn lè pani, ó sì lè dáni sí. Ebi ti wà nínú ilé wọn ní oko.