Kẹmokáìnì àti ẹ̀jẹ̀ Duffy

Kẹmokáìnì ni àwọn purotéènì kéékèèké tí ara fi ń pe sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun lọ síbi tí ọgbẹ́ tàbí kòkòrò àrùn wà. Ibi tí wọ́n bá ti pọ̀ jù ni sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí ń tọ̀, bí eèrà ṣe ń tọ ṣúgà. Kẹmokáìnì wà lára ohun tó ń mú ojú ọgbẹ́ wú, kó sì gbóná. Bí ìpè náà kò bá dáwọ́ dúró, ara a bẹ̀rẹ̀ sí í ba ara rẹ̀ jẹ́, bíi ti irú làkúrègbé kan.

Duffy, àmì ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ṣàwárí ní 1950, wá di mímọ̀ ní 1993 gẹ́gẹ́ bí ohun tí kẹmokáìnì ń lẹ̀ mọ́ lára sẹ́ẹ̀lì pupa. Ọ̀pọ̀ jù lọ ènìyàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kò ní in níbẹ̀. Èrè ńlá ni: Duffy ni kòkòrò ibà Plasmodium vivax ń gbà wọ sẹ́ẹ̀lì pupa, gẹ́gẹ́ bí Louis Miller àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe fi hàn ní 1976. Ààbò náà kò pé ṣá o. Ní 2018, àwọn olùwádìí ròyìn vivax lára àwọn tí kò ní Duffy, nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà ní ìpínlẹ̀ Èkó àti Ẹdó.

Àìní Duffy tún ń mú kí iye neutrophil, irú sẹ́ẹ̀lì funfun kan, lọ sílẹ̀ láìsí àìsàn. Nítorí náà, níbikíbi tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wa wò, òṣùwọ̀n àwọn òyìnbó nìkan kò tó.