Másùnmáwo àti Họ́mónù Ara

Họ́mónù másùnmáwo ni àwọn èròjà tí ara máa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ewu, àníyàn tàbí làálàá bá wọlé tọ ènìyàn. Adirẹnálíìnì àti kọ́tísọ́ọ̀lù ni ògúnná gbòǹgbò láàárín wọn, ibùdó àwọn méjèèjì sì ni kókó kékeré méjì tí ó jókòó lé kíndìnrín lórí.

Bí ọ̀kadà bá ṣàdédé já lu ènìyàn lẹ́bàá Ọjà Ọba ní Adó-Èkìtì, kí ó tó lanu ké ni ọpọlọ ti ránṣẹ́ gba iṣan ìmọ̀lára dé ibi kókó náà, tí adirẹnálíìnì ti tú, tí àyà ń lù kìkì, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń ya kúrò ní ikùn lọ sí ẹsẹ̀, kí ẹni tí yóò sá lè sá, kí ẹni tí yóò jà lè jà. Walter Cannon ti Yunifásítì Harvard là á yé ayé nínú ìwé rẹ̀ ti 1915.

Kọ́tísọ́ọ̀lù kì í sáré bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni ọ̀rọ̀ náà gùn lé jù. Haipotálámọ́ọ̀sì, ìyẹn igun kan nísàlẹ̀ ọpọlọ, ni yóò ránṣẹ́ sí pitúítárì, pitúítárì yóò ránṣẹ́ sí kókó orí kíndìnrín, nígbà tí ìṣẹ́jú mélòó kan bá sì kọjá, kọ́tísọ́ọ̀lù yóò ti máa pàṣẹ fún ẹ̀dọ̀ kí ó tú ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀. Bí ó bá ti tó, ọpọlọ yóò mọ̀, yóò sì dá iṣẹ́ náà dúró. Nínú ara tí ó ń sùn tí ó sì ń jí lásìkò, òwúrọ̀ ni ó máa ń pọ̀ jù, ọ̀gànjọ́ òru ni ó máa ń kéré jù. Àṣejù ni baba àṣetẹ́: bí àníyàn kò bá tán, tí kọ́tísọ́ọ̀lù kò sì rọlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ a máa ru, oorun a máa dá lójú, ìgbàgbé a máa ṣe ènìyàn, àìsàn kékeré a sì máa rí ọ̀nà wọlé.

Ní 1936, ní Montreal, olùwádìí Hans Selye rí i pé ìyà yòówù tí ó bá jẹ eku, ìbáà ṣe òtútù tàbí ọgbẹ́, kókó orí kíndìnrín rẹ̀ a tóbi.

Ní Èkìtì, Ilé Uyì, Ilé Ẹ̀yẹ, níbi tí Christ's School ti ń tọ́ ọmọ láti 1933, ìdánwò ni másùnmáwo tí ọ̀dọ́ mọ̀ jù. Raymond Prince, oníṣègùn ọpọlọ ará Kánádà tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Arò, Abẹ́òkúta, kọ̀wé ní 1960 nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí orí wọn ń gbóná, tí ojú wọn ń ṣú, tí ohun tí wọ́n kà kò sì wọlé. Brain fag, ìyẹn àárẹ̀ ọpọlọ, ni ó pè é. Bóyá àìsàn ọ̀tọ̀ ni, tàbí àníyàn tí ó gba orí sọ̀rọ̀, ìjiyàn náà kò tíì parí: Prince di ẹ̀bi ru ẹ̀kọ́ òyìnbó, oníṣègùn ọpọlọ Morakinyo ní 1980 wo ìṣesí ara fúnra rẹ̀, àwọn tí wọ́n kọ̀wé ní 2015 sì tọ́ka sí i pé àwọn ará Bìrìtìkó pàápàá ti lo orúkọ náà rí fún àárẹ̀ tiwọn. Ó jọ pé ti Morakinyo ni ó súnmọ́ ọ̀rọ̀ họ́mónù jù, nítorí ẹni tí ó ń fi gbogbo òru kàwé ń bá àkókò tí kọ́tísọ́ọ̀lù yẹ kí ó sinmi jà. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́; kì í ṣe ìwé ni kí ọmọ Èkìtì dáwọ́ rẹ̀ dúró, oorun ni kí a dá padà fún un.

Ẹ̀jẹ̀ tàbí itọ́ ni a fi ń wọn kọ́tísọ́ọ̀lù. Oníṣègùn a béèrè aago tí wọ́n gbà á, nítorí iye tí kò ní láburú ní òwúrọ̀ lè jẹ́ àmì àrùn bí ó bá jẹ́ ọ̀gànjọ́ òru.