Àwàdà Alájọwọkọ̀

Irú fíìmù kan wà tí kì í sú òǹwòran: ẹni méjì tí ìwà wọn ò bára mu ni ìrìn-àjò so pọ̀ tipátipá. Kí ni ká pè é? Bí a bá ní "eré ìrìn-àjò apanilẹ́rìn-ín", a ò tíì sọ ohun tó ń pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀. Bí a bá ní "àwàdà alábàárìn", kò tọ̀nà, torí ẹni tó wuni là ń bá rìn.

Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ èrò láti Ọ̀mùò-Èkìtì gba Ìyámoyè lọ sí Kàbà á mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Alákọ̀wé kan ti jókòó, aṣọ rẹ̀ le gbagidi. Ìyá kan wọlé, ó gbé adìẹ sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Màmá, adìẹ yín ń ṣá mi lẹ́sẹ̀ jẹ o."

"Má bìínú, ọmọ mi, adìẹ ò mọ ọ̀gá."

Ọkọ̀ á bú sẹ́rìn-ín. Ara ń ta ọ̀gá, ṣùgbọ́n ó ti sanwó, ibi tó ń lọ sì ṣì jìnnà.

Alájọwọkọ̀ ni wọ́n. A ti ní alájọbí, a ní alájọgbé. Ọmọ ìyá wọn lèyí. Ta ló ń yan ẹni tí wọ́n jọ máa wọkọ̀?

Ẹ fi orúkọ náà, àwàdà alájọwọkọ̀, wo fíìmù Planes, Trains and Automobiles tí John Hughes ṣe ní 1987. Nínú eré náà, òṣìṣẹ́ ìpolówó ọjà ni Steve Martin, ó ń sáré àtidé Chicago fún ọdún Ìdúpẹ́. John Candy tó ń ta òrùka kọ́tìnnì balùwẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n wọ bàálù, wọ́n wọ rélùwéè, wọ́n wọ mọ́tò. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni Gẹ̀ẹ́sì kó sínú àkọlé. "Ọkọ̀" nìkan kárí gbogbo rẹ̀ fún wa.

Ṣùgbọ́n orúkọ náà ò ba Phone Swap tí Kúnlé Afọláyan gbé jáde ní 2012 mu. Fóònù ara wọn ni Akin àti Mary ṣèèṣì mú ní pápákọ̀ òfuurufú. Ọ̀kan já sí Òwèrè, èkejì sí Àbújá. Àwàdà àṣìmú nìyẹn.

Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tó jáde ní 1984 àti 1990 gbájú mọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Ti sinimá kù sí wa lọ́wọ́. Ẹ̀yin tó ń sọ̀rọ̀ fíìmù lórí rédíò, ẹ dán "àwàdà alájọwọkọ̀" wò. Bí èrò inú ọkọ̀ bá ní láti béèrè ìtumọ̀ rẹ̀, ẹ jù ú nù, ká wá òmíràn.